Aago Èéfín Ilé Torleif

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ni gbogbo ilé ní ìlú Hellvika máa ń pààrọ̀ bátìrì aago èéfín wọn, ẹ̀rọ orí àjà tó máa ń pariwo bí èéfín bá ti ń rú, kò sì sẹ́ni tó lè gun àga ṣe iṣẹ́ náà kó má rántí Torleif Skarbø. Ogójì ọdún gbáko ni ọkùnrin yìí fi gbá ihò èéfín ilé wọn. Á gun orí òrùlé tòun ti okùn àti búrọ́ọ̀ṣì, á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú tó dúdú bí ìdí ìkòkò, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á wá wọlé wá bá onílé wí. Ṣé aago èéfín wà lókè àti nísàlẹ̀? Ṣé ó wà nítòsí yàrá tí wọ́n ń sùn? Ta ló kọ́ wọn láti gbé e sí kọ̀rọ̀ ògiri níbi tí èéfín kì í tètè dé? Ta ló ní kí wọ́n so ó mọ́ òkè ibi ìdáná, kó máa ké lé ẹja díndín lórí títí wọn yóò fi bínú yọ bátìrì rẹ̀?

Ká má purọ́, ẹnu ọkùnrin náà le. Àgbẹ̀ kan wà lápá òkè odò tó ra aago èéfín tuntun, tó kàn án mọ́ àjà dáadáa, àmọ́ tí kò ṣí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kúrò. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀rá náà fi wà níbẹ̀. Torleif sọ ìtàn yìí dé ojúlé gbogbo títí ọmọ àgbẹ̀ náà fi gbọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan sì wà tó yọ bátìrì aago tirẹ̀ fi sí rédíò. Torleif wo rédíò náà, ó wo olùkọ́, ó ní ẹni tó bá yọ bátìrì aago èéfín sínú rédíò, orin ìsìnkú ara rẹ̀ ló ń dúró gbọ́. Látọjọ́ náà, bí àwọn ará ìlú bá ti rí àkàbà rẹ̀ níwájú ilé aládùúgbò, wọn á sáré lọ wo àjà ilé tiwọn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń ṣe ohun tó wí.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ingunn, ọmọbìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé Torleif alára nìkan ló kù tó ń bá wí, ó sì ní ìdí pàtàkì tó fi ń bá a wí.

Gudny ìyàwó rẹ̀ ni ìdí ọ̀hún. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá a lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń da oúnjẹ fún àwọn ẹyẹ. Ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu ní tirẹ̀ kò rọ rárá. Wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí pálọ̀ ìsàlẹ̀ nítorí pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, Torleif sì tẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó rọ yẹn kì í jẹ́ kó sùn lálẹ́. Á máa fà á, á máa ta á bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, ni dókítà bá fún un ní oògùn kan tí yóò máa lò kó tó sùn.

Sunniva, ọmọ wọn tó ń gbé ní ìlú Bergen, fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Sunniva kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó wá sílé, òun àti Borghild, nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò irin, wọ́n sọ̀rọ̀ títí kọfí fi tutù. Nígbà tó yá, Borghild gé e kúrú.

"Oògùn alẹ́ yìí lágbára," ó ní. "Tí ààrá bá sán lórí Gudny, kò ní jí. Torleif, ẹ̀yin ni etí ilé yìí, ẹ̀yin náà sì ni ẹsẹ̀ ẹ̀. Tí aago bá ké tẹ́ ẹ jí, tẹ́ ẹ sì lè gbé e jáde, kó máa gbé ilé ẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́, yàrá wà fún un."

Torleif fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Aago èéfín kẹ̀? Òun Torleif? Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni òun àti Gudny ti jọ gbé nínú ilé pákó yẹn, Gudny kò sì fẹ́ yàrá ẹnikẹ́ni. Torleif náà mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé e lọ, òun kò ní mọ ohun tí òun yóò máa fi ọjọ́ ṣe, àárọ̀ òun kò ní yàtọ̀ sí alẹ́. Àdéhùn yẹn ni wọ́n ṣì ń lò. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, Ingunn ni yóò wá yẹ ilé náà wò ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, Borghild sì ti ní kó fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà bọ́ sí. Mọ́tò ti wá gbé Gudny lọ síbi tí àwọn àgbà ti ń ṣe eré ìdárayá títí di ọ̀sán. Torleif gbé àga, ó gun un, ó yọ bátìrì àtijọ́, ó ki tuntun bọ inú aago, ó tẹ bọ́tìnnì. Aago kò fọhùn. Iná pupa kékeré inú rẹ̀ tàn, ó sì kú. Ó tún un tẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú bátìrì mìíràn, bákan náà ló rí. Ó wá dojú aago náà bolẹ̀, ó wo ọdún tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀: ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó mi orí. Àìmọye ìgbà ló ti sọ fún àwọn èèyàn pé aago èéfín kì í ṣe ogún ìdílé, pé tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá kí wọ́n jù ú nù, bó tilẹ̀ ń ké nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, nítorí bọ́tìnnì kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá aago náà ṣì ń rí èéfín. Èyí kàn tètè lọ ní tirẹ̀ ni.

Ó wọ kóòtù, ó rìn nínú òjò dídì lọ sí ilé ìtajà Eskil, ẹni tó ń ta irinṣẹ́ létí èbúté. Kì í ṣe ẹni tó ń ra nǹkan wàràwàrà. Ó ka ara páálí kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ èéfín, torí iná tó ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú tìmùtìmù àga ló máa ń pa èèyàn lójú oorun, irú aago bẹ́ẹ̀ ló sì tètè ń rí i. Ó fẹ́ èyí tí bátìrì rẹ̀ yóò lo ọdún mẹ́wàá láìṣí i. Ó wá òǹtẹ̀ àwọn tó ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, ó rí i. Ó tún fẹ́ àwọn tó ń gbọ́ ara wọn láìlo wáyà, tó jẹ́ pé tí ọ̀kan bá rí èéfín lábẹ́ ilé, gbogbo wọn ni yóò pariwo. Ó mú mẹ́ta: ti òkè, ti pálọ̀ àti ti yàrá abẹ́ ilé. Eskil ní ká ní gbogbo oníbàárà òun mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bí i ti Torleif, òun ìbá máa tètè relé jẹun. Inú Torleif dùn.

Ó délé, ó kan ti pálọ̀ mọ́ àárín àjà, ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn, aago kò fọhùn. Ó gbé èkejì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹ̀kẹta. Inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ọ̀kan lè bàjẹ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n kí mẹ́ta bàjẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, àfi kí ẹni tó ṣe wọ́n jẹ́ gbájúẹ̀. Ó tú ti pálọ̀ kúrò lókè, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò, ó tún kọrí sí ọ̀nà èbúté.

Èrò ti pọ̀ díẹ̀ nínú ilé ìtajà. Obìnrin kan ń ra àbẹ́là Kérésì, ọkùnrin kan ń yẹ okùn ọkọ̀ ojú omi wò, ajá rẹ̀ sì jókòó tì í. Torleif gbé àpò ka orí tábìlì, ó fi ohùn àtijọ́ yẹn sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá onílé wí. Ó ní òkú ni Eskil tà fún òun. Ó ní tó bá ṣe ilé ẹlòmíràn ni, ilé ẹni tí kì í tẹ bọ́tìnnì wò, bí wọ́n ṣe máa sùn sínú iná nìyẹn. Ó sọ púpọ̀. Eskil bẹ̀ ẹ́, ó mú ọ̀kan jáde nínú àpò, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo àbẹ́là ọwọ́ obìnrin yẹn já bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ajá sá wọ abẹ́ tábìlì. Ọkùnrin olókùn lọ́ ojú pọ̀. Eskil alára ń ṣẹ́jú, torí méjì tó kù nínú àpò ti bá ẹ̀kíní gbè é. Torleif dúró láàárín wọn. Ó ń gbọ́ rédíò tó wà lórí pẹpẹ, níbi tí ọkùnrin olóhùn wúwo kan ti ń sọ bí ìjì yóò ṣe rí lójú òkun. Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń hó. Aago mẹ́ta ń han gooro níwájú rẹ̀, kò gbọ́ ju ohun tó dà bí ẹ̀fọn kan tó ń kọjá lọ ní yàrá kejì.

Eskil yọ ọwọ́ kúrò. "Wọ́n ń ṣiṣẹ́ o, Torleif," ó rọra sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Gbogbo wọn kàn ń wò ó pẹ̀lú ojú àánú, irú èyí tí èèyàn fi ń wo ẹni tó wọ ṣòkòtò sódì jáde. Torleif ní bóyá òtútù ilé òun ló mú wọn. Ó kó aago rẹ̀, ó jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí kó fi òtútù ṣe àwáwí fún aago èéfín.

Lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wá tò pọ̀ fún un. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń ráhùn pé àwọn ará Hellvika kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, pé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ti ń rò pé àwọn ẹyẹ ẹ̀yìn ilé kò kọrin mọ́ nítorí ológbò aládùúgbò. Kò sí ohun tó ṣe ẹyẹ. Ohùn tó bá wúwo ṣì ń wọlé sí i létí, tó bá ti tín-ín-rín, ó ti bọ́ nìyẹn. Aago èéfín kò sì ní ohùn mìíràn ju èyí tó tín-ín-rín lọ.

Kò sọ fún Gudny. Ó kan aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ipò wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ohun tí yóò ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Èrò náà kò dára, òun náà mọ̀. Ó ti rí i pé iná pupa máa ń tàn nígbà tí aago bá ń ké. Tí Ingunn bá gun àga tó tẹ̀ ẹ́, kí òun sáà máa wo iná. Bó bá ti tàn, òun á di etí, òun á fa ojú ro, òun á ní ó tó. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró níwájú dígí, ó ń sín ojú obìnrin alábẹ́là yẹn jẹ. Ẹ wo ọkùnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di etí! Ojú ń tì í. Ó mọ ohun tí òun ì bá sọ tó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni òun ti rí irú rẹ̀, ìlú ì bá sì máa sọ ọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n tó bá jáde síta tó rí Gudny nínú àga onítáyà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ti sùn lọ láago mẹ́wàá àárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, tẹ́nu rẹ̀ là díẹ̀, ẹ̀rù á bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Ó ti sọ fún Borghild nígbà kan pé oorun ojúmọmọ Gudny ti pọ̀ jù, Borghild sì ní àìsàn náà ló fà á.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ingunn dé pẹ̀lú èédú lójú, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Torleif ti ṣe àkàrà wáfù, ó ti gé wàràkàṣì lé e. Gudny jí, ó ń bá ọmọbìnrin náà ṣe àwàdà pé kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ẹ pẹ̀lú ojú dúdú yẹn, Ingunn ní ẹni tó fẹ́ òun ti wà, pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ilé àwọn nìkan ni èédú òun ń dà láàmú. Wọ́n mu kọfí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣí ààrò irin, ó tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú ihò èéfín, ó wò ó bóyá igi ìdáná jìnnà tó sí ààrò, ó béèrè ibi tí wọ́n ń da eérú sí. Korobá irin tó ní ìdérí ni, níta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àga sí àárín pálọ̀.

"Tuntun ni gbogbo ẹ̀, ọ̀gá?" ó ní. "Ẹ mà ṣe é."

Torleif gbé ojú sí àjà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago. Ingunn gun àga, ó na ọwọ́, ó rọra yí aago náà kó lè ka ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iná pupa tàn, ó kú.

Torleif di etí. Ó fa ojú ro bó ṣe kọ́ ọ. "Ó tó, Ingunn, ó tó! O fẹ́ fọ́ wa létí ni?"

Ingunn kò tíì tẹ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni iná yẹn máa ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ láti sọ pé bátìrì wà láàyè. Torleif ló kọ́ ọ, lórí àkàbà, ní ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, àmọ́ irọ́ Torleif yìí kò pé ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà dúró lórí àga pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó yí ojú wo Gudny.

"Sọ̀ kalẹ̀, Ingunn, jókòó," Gudny ní. "Torleif, yọ ọwọ́ létí."

Ó yọ ọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀.

"Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí," Gudny dáhùn. "Ọ̀dùnkún jó mọ́ ẹ nídìí ìkòkò. Aago ń ké lórí wa bí ẹni tí wọ́n ń pa, ìwọ ń súfèé, ò ń ro kọfí. Ìgbà tó o ṣí fèrèsé torí òórùn ló tó dákẹ́. Mo ní kí n sọ̀rọ̀, mo tún gbé e mì."

Ingunn bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Torí mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ọkùnrin yìí lè purọ́ fún mi lórí iye wáfù tó jẹ. Kò lè purọ́ lórí aago èéfín. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀ pé òun ò gbọ́ ọ, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa pe Borghild, wọ́n á sì wá kó mi." Ó wo Torleif títí. "Àṣé mi ò mọ̀ ẹ́ tó bí mo ṣe rò."

Nǹkan kan sọ sí Torleif lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, tí òun kò gbọ́, tí Gudny sì ń lo oògùn alẹ́ tó ń gbé e sùn bí òkúta, ta ló wá ń gbọ́ aago nínú ilé yìí?

Gudny fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ka sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Agolo abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló wà níbẹ̀. Torleif ṣí i. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, kò sí òwú. Oògùn funfun wẹ́wẹ́ ló kún un dé ẹnu.

"Tó o bá ti gbé e fún mi, àtẹ́lẹwọ́ ni mo ń fi sí," ó ní. "Omi nìkan ni mò ń mu. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́ aago nílé yìí."

Ohun tó ń sùn fún lójúmọmọ nìyẹn. Àìsàn kọ́. Gbogbo alẹ́ láti ọdún tó kọjá ni obìnrin náà ti ń la ojú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà ń ta á, kò kérora kó má bàa jí i, ó ń ṣọ́ ilé fún ọkọ tó ń hanrun. Torleif gbé agolo náà lé itan, ó ń wò ó. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti sunkún kẹ́yìn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró mọ́. Ojú tì í, àánú rẹ̀ ṣe é, ìfẹ́ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ débi pé ó ń dùn ún. Gudny na ọwọ́ rẹ̀ tó dára, ó gbé e lé e léjìká.

Ìwé Ingunn wà lórí itan ọmọbìnrin náà. Àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n máa ń fàmì sí ṣì ṣófo. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, kí ni kí n kọ?"

Torleif rí i lójú rẹ̀ pé tí òun bá ní kó kọ ọ́ pé gbogbo nǹkan dára, yóò kọ ọ́, yóò sì gbé ẹrù rẹ̀ kiri títí ayé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Kí ni mo kọ́ ẹ?"

"Pé ohun tá a bá rí là ń kọ."

"Kọ ọ́, nígbà náà. Kọ pé aago dára, etí onílé ni ò dára. Kọ pé onílé gbìyànjú láti tàn ẹ́. Má fi bò fún mi."

Gudny yí ojú sí fèrèsé. Kò bẹ Ingunn pé kó má kọ ọ́. Ingunn kọ ọ́ títí ó fi parí, ó wá tún fi ìlà kan kún un. Ó ní nǹkan kan wà tó pẹlẹbẹ bí ìwé, tí wọ́n ń tì sábẹ́ ìrọ̀rí, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu irú aago tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yìí gan-an. Tí aago bá ti ké, á gbọn ẹni tó sùn lé e jìgìjìgì, àtùpà kan á sì máa kọ mọ̀nà lójú rẹ̀. Torleif mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀kan fún tọkọtaya adití kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn, ó tiẹ̀ mu kọfí nílé wọn. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ó lè kan òun. Adití ló ni ìyẹn, òun kì í ṣe adití, àwọn ará ìlú ló ń gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìwé dé ọwọ́ Borghild ní ọjọ́ kejì. Sunniva sunkún lórí fóònù, ó ní yàrá ṣì wà o, kí wọ́n jọ̀wọ́ gbà á. Ó ṣòro fún Torleif láti gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, ó sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, ó ní kó tún un sọ kó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Borghild ní òun kò ní fi ìwé nìkan ṣèdájọ́. Kí wọ́n gbé nǹkan náà wá, kí òun fi ojú ara òun rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúró dè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, Gudny kò fọwọ́ kan oògùn rẹ̀, Torleif kò sì gbé e fún un. Àwọn méjèèjì ń la ojú sílẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí nǹkan tí wọn kò bá ara wọn sọ fún ọdún púpọ̀.

Ọjọ́rú kan, láago mọ́kànlá àárọ̀, ni wọ́n dán an wò. Wọ́n fi aṣọ bo ojú Torleif, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ tòun ti nǹkan náà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Gudny dùbúlẹ̀ sórí tirẹ̀. Borghild ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ọkọ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́, kó ṣe bí ẹni tó ti lo oògùn. Borghild jókòó pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀. Ingunn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé pẹ̀lú okùn tí wọ́n máa sun kó lè rú èéfín, torí Torleif ti kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní tẹ bọ́tìnnì. Ó ní èéfín ni kí wọ́n lò. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀, ó ń dúró. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó rò ó pé bóyá aago ti ń ké, pé bóyá gbogbo wọn ti ń wò ó pẹ̀lú ojú àánú, bí ti ilé ìtajà Eskil. Òógùn bo ọrùn rẹ̀. Ó fẹ́ ṣí aṣọ ojú rẹ̀, kò ṣí i. Àìsùn ọ̀sẹ̀ méjì wá ń wọ̀ ọ́ lójú, ara rẹ̀ ń rọ̀, orí rẹ̀ ń lọ.

Ìrọ̀rí fò sókè mọ́ ọn lórí. Ibùsùn ń gbọ̀n bí ọkọ̀ tó kọlu àpáta. Torleif ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó fa aṣọ kúrò lójú, ó ká búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ Gudny lára, ó fi apá gbé e láti abẹ́ ìhà bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, ó gbé e sínú àga onítáyà. Gudny wúwo, kò ràn án lọ́wọ́ rárá, orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ti ẹni tó sùn lóòótọ́. Ó tì í kọjá ẹnu ọ̀nà, ó tì í sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ fún kẹ̀kẹ́, títí dé ìdí igi tó wà lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ló dúró sí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò wọ bàtà. Yìnyín ti ń wọ inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Borghild jáde tẹ̀ lé wọn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀," ó ní. Ó ní òun máa pe Sunniva fúnra òun. Ó ní kí wọ́n máa dán an wò lóṣooṣù, kí Torleif sì lọ rí dókítà etí lẹ́yìn ọdún tuntun, kò sí àwáwí. Àmọ́ Gudny kò ní lọ síbì kankan.

Gudny kò tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó ní ó ti tó. Yìnyín ń bọ́ sí i lórí. Ó la ojú, ó wo Borghild, ó wo Ingunn tó ń gòkè bọ̀ láti abẹ́ ilé pẹ̀lú òórùn èéfín lára, ó wá gbé ojú sókè sí ọkọ rẹ̀. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ohùn tó mọ̀ pé ó máa gbọ́.

"Torleif, ṣé mo lè lo oògùn mi lálẹ́ òní?"

Torleif kúnlẹ̀ sínú yìnyín kí ojú wọn lè bára dọ́gba.

"Lò ó," ó ní. "Lò ó, kó o sùn."